Ilé onírin tí à ń rà lódindi: kí kọ̀ntéènà yín tó balẹ̀ ní Ìwó, ẹ ka èyí ná

Ẹni tó bá gba Odò Orí kọjá ní Ìwó, tó tún forí lé ọ̀nà Yunifásítì Bowen, yóò rí wọn lọ́tùn-ún lósì: àpótí irin gbọọrọ. Nínú ọ̀kan, fóònù ni wọ́n ń tún ṣe. Nínú èkejì, irun ni wọ́n ń dì. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀yà ara ọ̀kadà ni wọ́n ń tà. Wọ́n kun òmíràn ní àwọ̀ ewé, wọ́n kun òmíràn ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Lójú ọ̀sán, ìsọ̀ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ni wọ́n ló ń ti ilẹ̀kùn níta kí wọ́n tó máa lọ sílé. Àwọn mìíràn ò lọ síbì kankan, inú ẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Kọ̀ntéènà ti kúrò ní ìsọ̀ lásán, ó ti dilé.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, irú ẹ̀ ló pọ̀ nílùú. Ìyá Aránṣọ ń sanwó ìsọ̀, ó tún ń sanwó yàrá lọ́tọ̀. Tọ́dún bá ti yí po, onílé á fowó lé e. Ó ní máṣíìnì mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ọmọ bíbí méjì. Ó ti kó àjọ ẹ̀ẹ̀mejì báyìí, kò ná kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Kó kọ́lé kẹ̀? Sìmẹ́ńtì ò ṣe é bá sọ̀rọ̀, búlọ́ọ̀kù ò ṣe é wò lójú, irin ọ̀pá tún wà níwájú. Ni ẹnì kan bá sọ fún un pé: "Ìyá, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ ra kọ̀ntéènà kan, ẹ pín in sí méjì. Iwájú lẹ ó ti máa ránṣọ, ẹ̀yìn lẹ ó máa sùn sí. Òní ni wọ́n ó gbé e dé, ọ̀la lẹ ti di onílé."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Irọ́ kọ́ náà ni pátápátá. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ ò sọ èyí tó kù. Owó tí wọ́n fi ń ra àpótí yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ìnáwó ni. Ilẹ̀ tí yóò jókòó lé ń bẹ níbẹ̀. Oòrùn ń bẹ níbẹ̀. Ìpáàrà ń bẹ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, ilẹ̀kùn yẹn gan-an sì lè pa èèyàn, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́. Owó àjọ ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe owó tí à ń fi kọ́gbọ́n.

ÀWỌN KAN TI JẸ̀YÀ Ẹ̀ RÍ L'ÉKÒÓ

Ẹ má rò pé àná ni ilé onírin dé ilẹ̀ yìí. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861, kọ́ńsù wọn, ìyẹn aṣojú ìjọba wọn, ti ń gbé inú ilé onípáànù kan tí wọ́n fi pákó tẹ́ inú ẹ̀. Kọ́ńsù Benjamin Campbell kú ní 1859. George Brand tó rọ́pò ẹ̀ kú ní 1860. Henry Foote tó tún tẹ̀ lé e kú ní 1861. Richard Burton, òyìnbó arìnrìn-àjò tó yà l'Ékòó lọ́dún yẹn kan náà, fi ilé ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé tó kọ, pósí ló fi í wé.

Irin nìkan kọ́ ló pa wọ́n o, ká sọ òótọ́. Nígbà yẹn, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ẹ̀ ń gbóná, tí wọ́n tún wá tẹ́ sínú ilé tó ń gbóná, ibo ni yóò ti rí ìtura? Òtútù Ìlú Ọba ni àwọn tó ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀, wọn ò mọ oòrùn oṣù kẹta nílẹ̀ Yorùbá.

Lásìkò yẹn, ilé amọ̀ ni àwọn bàbá wa ń gbé n'Ìwó, ògiri ẹ̀ nípọn, koríko bẹẹrẹ ló wà lórí ẹ̀. Nígbà tó yá, páànù dé. Ọ̀nà rélùwéè gba ilẹ̀ Ìwó kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Owó kòkó tún wọlé. Bí páànù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ilé lọ́wọ́ koríko nìyẹn. Páànù yẹn ni ẹ̀yà ilé tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, tí àwọn bàbá wa kàn ń rà, tí wọ́n ń kàn mọ́ ilé. Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan: wọn ò fi páànù ṣe ògiri ilé tí wọ́n ń sùn. Orí ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì fi amọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀làjú ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kó wọ inú kọ̀ntéènà tí kò ní fèrèsé ní aago méjì ọ̀sán, kó wá sọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Òyìnbó Faransé kan wà tó ronú sí ọ̀rọ̀ oòrùn yìí dáadáa. Jean Prouvé lorúkọ ẹ̀, alágbẹ̀dẹ irin ni tẹ́lẹ̀. Ó ṣe ilé àlùmíníọ́ọ̀mù àti irin nílẹ̀ Faransé, wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi bàálù gbé e wá sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n to ọ̀kan ní Niamey, ní ilẹ̀ Niger tó bá wa pààlà, ní 1949, wọ́n to méjì sí Brazzaville ní 1951. Òrùlé méjì ló ní: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Ó tún fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ilé ká kí oòrùn má bàa kan ògiri. Ilé náà wọ́nwó jù, nítorí náà mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe. Nígbà tó di bíi ọdún 2000, àwọn olówó wá tú wọn kó lọ. Wọ́n ta ọ̀kan nínú ti Brazzaville ní New York ní 2007, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là! Ti Ìyá Aránṣọ ò ní débẹ̀ láéláé. Àmọ́ ọgbọ́n òrùlé méjì yẹn, kò sẹ́ni tó ń tà á, ẹnikẹ́ni ló lè mú un lò.

ÈWO LẸ FẸ́ RÀ?

Méjì ni ohun tí à ń pè ní kọ̀ntéènà, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá.

Èkíní ni èyí tó bọ́ọ́lẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan l'Amẹ́ríkà, Malcom McLean, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ní oṣù kẹrin 1956, ó di ẹrù sínú àpótí irin 58, ó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi láti Newark lọ sí Houston. Láti ọjọ́ náà ni ẹrù ayé ti ń gbé inú àpótí. Èyí tó kéré gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó fẹ̀ tó 8, ó ga tó 8 ààbọ̀. Òfìfo ẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Irin tí wọ́n fi ṣe é kì í tètè dógùn-ún bí irin lásán.

Èkejì ni èyí tí àwọn jórinjórin wa ń ṣe ní ẹ̀bá títì. Wọ́n á fi irin ṣe egungun ẹ̀, wọ́n á jó páálí irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Ó fúyẹ́, ó dínwó, ẹ sì lè ní kí wọ́n yọ fèrèsé síbi tó wù yín. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Àmọ́ irin lásán ni, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà ṣeré, òjò kò ní fi ṣeré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ jórinjórin bí irin pẹlẹbẹ náà ṣe nípọn tó, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ń tẹ̀ bọ̀ọ̀ bí agolo mílíìkì, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Tó bá jẹ́ ti ọkọ̀ òkun, ẹ má dúró níta kẹ́ ẹ máa yìn ín. Ẹ wọnú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ yín fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbójú sókè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọjú tíntín, ibẹ̀ lomi yóò gbà wọlé. (Ẹni tí ẹ fọkàn tán ni kó di ilẹ̀kùn yẹn mú o, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.) Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n kùn fún yín láàárọ̀ yẹn.

Ẹ gbóòórùn inú ẹ̀ pẹ̀lú. Àpótí tó ti kó kẹ́míkà rí kì í ṣe ibi tí ọmọdé ń sùn. Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: pákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ kọ̀ntéènà, wọ́n sábà máa ń fi oògùn apakòkòrò rẹ ẹ́ kí kòkòrò má bàa bá a wọ ìlú mìíràn. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí irin kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀, kó yọ pákó yẹn kó fi tuntun sí i, tàbí kó kùn ún ní ọ̀dà tó le dáadáa, kó wá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì oníke bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìkókó tó ń rá ò gbọdọ̀ máa rá lórí ẹ̀ ní ìhòòhò.

Lẹ́yìn náà ni rìsíìtì. Kọ̀ntéènà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 7, bí ọkọ̀ ṣe ní nọ́ńbà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló ni púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó kó ẹrù wọlé sì gbọ́dọ̀ dá a padà fún wọn. Bí ẹni tó ń tà á ò bá ní ìwé tí nọ́ńbà yẹn wà lára ẹ̀, ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá dúnàá-dúrà. Àpótí olówó pọ́ọ́kú lè padà wá di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá.

TA LÓ NI ILẸ̀?

Ibí yìí lẹkún pọ̀ sí. Ìyá Aránṣọ ò ní ilẹ̀. Ó lọ bá bàbá àgbà kan tí iwájú ilé ẹ̀ fẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé obì kalẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ìyá, ẹ gbé e síbẹ̀. Ṣé ọmọ wa kọ́ lẹ jẹ́ ni? Ohun tí ẹ bá ní lẹ ó máa fún wa." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kẹta bàbá jáde láyé. Àwọn ọmọ wọn ti Ìbàdàn àti Èkó dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ìsọ̀ síbẹ̀. Wọn ò mọ obì, wọn ò mọ ẹ̀rín bàbá. Ìwé dà?

Tó bá wá jẹ́ pé Ìyá Aránṣọ ti da kọnkéré yí àpótí náà ká, tó ti kọ́ búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn, tó ti so òrùlé mọ́ ògiri bàbá, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ṣì ń lò, sọ pé ohun tí a bá mọ mọ́lẹ̀ ti di ara ilẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, adájọ́ á wo bí wọ́n ṣe so nǹkan náà mọ́lẹ̀ tó, á tún wo ìdí tí wọ́n fi so ó. Àpótí tó kàn jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, tí kéréènì lè gbé lọ lónìí, ẹrù ni. Èyí tí wọ́n ti mọ mọ́lẹ̀ tó ti fìdí múlẹ̀, onílẹ̀ lè ní tòun ni.

Ohun tí ìwé àdéhùn máa sọ ò ju báyìí lọ: bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó, ọdún mélòó, èló lọ́dún, pé àpótí àti gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbé e wá, pé oṣù mélòó ni wọ́n ó fún un kó tó kó. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àwọn ọmọ ẹbí mìíràn náà fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí wà. Gbólóhùn kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: kí onílẹ̀ má dí ọ̀nà tí kéréènì máa gbà. Kí ni àǹfààní ilé tó ṣe é gbé tí wọ́n bá ti fi ṣáfúù dí iwájú ẹ̀?

Ìjọba náà ń bẹ. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ẹbí lè fún yín láyè lẹ́bàá títì, àmọ́ ẹbí ò lágbára láti ní kí wọ́n má fẹ ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ àmì àgbélébùú tí wọ́n ń fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri. Ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ béèrè ibi tí ọ̀nà parí sí àti ìwé àṣẹ tó yẹ kẹ́ ẹ gbà, kí ẹ tó pe ọlọ́kọ̀ tírélà. Òótọ́ ni pé kọ̀ntéènà ṣe é gbé sá, àmọ́ owó kéréènì kì í ṣe owó gúgúrú, kì í sì í ṣe òru ọjọ́ kan lẹ ó rí i yá.

GBÍGBÉ E KALẸ̀

Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rin ọ̀nà náà kí ọkọ̀ tó gbà á. Ọ̀nà agboolé wa n'Ìwó, ẹṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n là á fún. Tírélà ò mọ ìyẹn. Ẹ wo igun tó ti fẹ́ yí, ẹ wo ẹ̀ka igi máńgòrò, pàápàá jù lọ ẹ wo wáyà iná tó gba òkè kọjá. Ọwọ́ kéréènì tó bá kan wáyà iná lè pa gbogbo ẹni tó wà nídìí ẹ̀.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni agbára kọ̀ntéènà wà, orí wọn ló ń dúró. Nítorí náà, kí bíríkìlà da kọnkéré tó le síbi igun kọ̀ọ̀kan, kó fi rọ́bà tí wọ́n bu omi sí wò ó bóyá wọ́n dọ́gba. Tí igun kan bá rẹlẹ̀ ju ìyókù, àpótí á lọ́, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa bú ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Kí abẹ́ ẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ gba abẹ́ ẹ̀, kí omi òjò rí ọ̀nà lọ sí gọ́tà. Àpótí tí wọ́n bá gbé lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ti ń jẹra láti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ tó dé.

OÒRÙN, ILẸ̀KÙN ÀTI WÁYÀ

Ẹ rántí òrùlé méjì Prouvé. Kí káfíńtà gbé òrùlé páànù kan sórí kọ̀ntéènà, kó má fara kàn án, kí àlàfo tó ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín kí atẹ́gùn máa gbà á kọjá. Kí ó yọ síta dáadáa níhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Páànù ni yóò máa jẹ oòrùn, àpótí á wà lábẹ́ òjìji. Ìyẹn nìkan ṣàǹfààní ju fáànù mẹ́ta lọ, kò sì ń jẹ iná. Kí wọ́n dè é mọ́ irin gidigidi, nítorí ìjì àkọ́rọ̀ òjò kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dà funfun ni kí wọ́n fi kun orí àpótí, kì í ṣe dúdú, kì í ṣe pupa. Kí wọ́n kan síílìn sínú ẹ̀. Àwọn fèrèsé náà gbọ́dọ̀ kọjú síra, kí atẹ́gùn tó wọlé níbí lè jáde lọ́hùn-ún, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà lára wọn.

Ìyá Aránṣọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ìlàágùn irin pẹ̀lú. Tí òru bá tutù, omi máa ń yọ lára irin látinú, á máa kán sílẹ̀. Léèsì oníbàárà tó bá fara ti ògiri yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, á yọ àmì dúdúdúdú. Ta ni yóò san án? Kí ó má ṣe to aṣọ mọ́ ara irin láéláé, kó fi pákó gbé e kúrò.

Bí wọ́n bá fẹ́ gé ibi tí fèrèsé máa wà, kí jórinjórin jó férémù irin síbẹ̀. Ògiri tó rí wọ́gọwọ̀gọ yẹn wà lára ohun tó ń gbé àpótí dúró. Ẹni tó bá gé ìdajì ògiri kúrò láìfi irin dì í mú, orí á máa tẹ̀ wálẹ̀ bọ̀.

Ilẹ̀kùn wá dé. Ẹrù ni wọ́n ṣe kọ̀ntéènà fún, ẹrù kì í sì í fẹ́ jáde lóru. Ìta ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn wà. Ẹni tó wà nínú ò lè ṣí i. Bí ọmọdé kan bá ń ṣeré níta tó yí ọ̀pá náà, bí ọ̀tá kan bá fi àgádágodo sí i, bí iná bá ṣẹ́ yọ níwájú lára aṣọ, kí ni ìyá àtọmọ máa ṣe lẹ́yìn? Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sùn nínú àpótí yẹn fún òru kan ṣoṣo, kí wọ́n gé ilẹ̀kùn mìíràn síbi tí wọ́n ń sùn, èyí tó ṣe é ṣí látinú láìwá kọ́kọ́rọ́. Kí fèrèsé kan tún wà tí àgbàlagbà lè gbà jáde, tí irin tó wà lára ẹ̀ ṣe é ṣí. Ohun tí ẹ bá máa dín kù, ẹ dín ọ̀dà aláràbarà kù, ẹ má dín ilẹ̀kùn yìí.

Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì nínú ilé onírin ò dà bíi ti ilé amọ̀. Nínú ilé amọ̀, wáyà tó bó á wà lójú kan. Nínú kọ̀ntéènà, tí wáyà tó bó bá kan ara ẹ̀, gbogbo ilé á di iná, àti ògiri, àti àtẹ̀gùn, àti irin tí oníbàárà fẹ́ dì mú kó tó wọlé. Kí oníná tó mọṣẹ́ so ara àpótí mọ́ irin tí wọ́n rì sínú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Kí gbogbo wáyà gba inú páìpù oníke, kí rọ́bà sì wà lẹ́nu ihò tí wáyà bá ti gba ara irin wọlé, nítorí ẹnu irin tí wọ́n gé mú bí ọ̀bẹ. Ọmọ iṣẹ́ oníná tó ń bọ̀ wá bá yín so ó lọ́fẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ ní kó lọ sinmi.

Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé ẹ̀. Gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, oorun ló fi ń mú èèyàn lọ. Àpótí tí wọ́n ṣe kí omi òkun má bàa wọ̀ ọ́, atẹ́gùn náà ò rí ọ̀nà wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ èyí: gáàsì kan náà ló wà nínú èédú tó ń jó. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ẹ bá fi sí kọ̀rọ̀ lálẹ́ tí ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé nítorí òjò lè ṣe ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe. Ìta ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Ìta náà ni ìdáná.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ TI WỌLÉ

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ò tó l'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí bọ́ǹbù ti wó ọ̀pọ̀. Ìjọba ṣe ilé àtòpọ̀ láti ilé iṣẹ́, ó lé ní 150,000, wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi mọ́wọ́ fún bí ọdún 10. Ní Catford, ní gúúsù London, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ọmọ Jámánì àti Ítálì to 187 sójú kan ní 1945 sí 1946. Ọdún 10 kọjá, 20 kọjá, 60 kọjá, àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ilé wọn, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n ń gbin òdòdó yí i ká. Ní 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn. Mẹ́fà nínú wọn ni ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ wó, ó ti di ohun ìtàn.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún Ìyá Aránṣọ ò pọ̀, àsìkò ló ṣòro fún un láti rí, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dáa fún ọ̀dà ni Kérésìmesì máa ń bọ́ sí, tí aṣọ á pọ̀ nílẹ̀. Kó fi oṣù kìíní sí oṣù kejì ṣe é, nígbà tí aṣọ ọdún bá ti lọ. Kí ó yí àpótí ká pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin, kó ha gbogbo ibi tó bá dógùn-ún dé ara irin mímọ́, kó fi ọ̀dà pupa tí àwọn jórinjórin ń pè ní rẹ́dọ́sáìdì kùn ún, kó tó fi ọ̀dà tó wù ú lé e. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé orí ìpáàrà láìha á, ó kàn fi aṣọ bo egbò ni. Kó wo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, kó wo rọ́bà etí ilẹ̀kùn, kó wo òkè níbi tí ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bá ti gbá jọ tí omi dúró sí. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ẹ̀kún omi ti gbẹ́ abẹ́ kọnkéré. Kó ní kí oníná wá dán ẹ́ẹ̀tì wò lọ́dọọdún. Epo sára ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ìsọ̀ onípákó ńkọ́? Ó ṣì wà, ó sì tutù ju irin lọ. Ikán ni ọ̀tá tiẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi oògùn ikán pa á kí wọ́n tó kàn án, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nítorí ìjì. Ẹni tówó ẹ̀ ò bá tó kọ̀ntéènà, kó má jẹ gbèsè nítorí ojú ayé.

Ìyá Aránṣọ tiwa ṣì ń rò ó. Ó ti rí àpótí kan tó wù ú n'Íbàdàn, ó ti da nọ́ńbà ara ẹ̀ kọ sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ ẹ̀, ó ń dúró de rìsíìtì. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ná, àwọn ọmọ bàbá ti Èkó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí kọ̀ntéènà yín bá ti tó ọdún márùn-ún tí ẹ ti ń sùn sínú ẹ̀, n'Ìwó tàbí níbòmíràn, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà wa: kí lẹ fi bo orí ẹ̀, ta ló bá yín ṣe wáyà, kí sì ni onílẹ̀ sọ fún yín lọ́dún kẹta?